Ẹ Má Sanwó Ilẹ̀ Nínú Bọ́ọ̀sì: Ìkìlọ̀ fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ilẹ̀ Abúlé ní Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin ará wa ní Múṣin, Ṣómólú, Yábàá àti Sùúrùlérè tí ẹ ń tọ́jú owó alájẹṣẹ́kù láti fi ra ilẹ̀ sí abúlé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi náírà kan ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ kan wà ní mẹ́ńláǹdì níbí tó ń fi bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ kó èèyàn lọ wo ilẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ń ta irú ọgbọ́n yìí, ẹni tó bá sì mọ ọgbọ́n náà yóò dá wọn mọ̀ bí wọ́n tilẹ̀ yí orúkọ padà lọ́la.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á wá sí ìpàdé alájẹṣẹ́kù, sí ṣọ́ọ̀ṣì, sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n á pín ìwé aláwọ̀ mèremère. Wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti ilẹ̀ àwọn dé èbúté Lẹ́kí tí wọ́n ṣí ní 2023, tàbí dé ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote, kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Lọ́jọ́ Sátidé, bọ́ọ̀sì á gbéra ní Ojúẹlẹ́gba pẹ̀lú tíṣáàtì, fìlà àti ráìsì, ó di Àjà, ó di Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, wọ́n á wá yà sí ọ̀nà eléruku kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún inú ìwé á ti di wákàtí kan. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn tútù ń fẹ́, igi àgbọn tò lọ rẹrẹ, kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó ti ń gbé yàrá kan ní Ìdí-Orò fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkàn rẹ̀ á rọ̀.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti lajú nìyẹn. Géètì ńlá kan ló wà níwájú. Lẹ́yìn géètì, kò sí nǹkan kan. Ajẹ́ǹtì á nawọ́: "Mọ́mì, láti ibi ọ̀pẹ yẹn dé ibi àgbọn yẹn ni pulọ́ọ̀tì tiyín." Kò sí òpó sìmẹ́ǹtì tí awọnlẹ̀ rì, kò sí nọ́ńbà. Bí bọ́ọ̀sì bá ń padà bọ̀, ẹnìkan á dìde láàárín èrò, á ní òun ti san ti pulọ́ọ̀tì méjì lójú ẹsẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn ajẹ́ǹtì náà ni. Wọ́n á ní owó náà máa lọ sókè bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Àkáǹtì tí wọ́n máa fún yín, orúkọ èèyàn ni, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́. Ohun tí ẹ ó sì gbà padà ni rìsíìtì àti lẹ́tà kan tó ní ilẹ̀ yín ń bọ̀.

Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa tó ń ta aṣọ ní Tẹ̀júoṣó ra pulọ́ọ̀tì méjì lọ́wọ́ wọn. Oṣù Kejì, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ni wọ́n mú un lọ. Nígbà tó padà lọ lóṣù Keje láti gbin ẹ̀gẹ́, omi ti dé orúnkún lórí ilẹ̀ náà. Ọkùnrin kan láti Agége sì dúró síbẹ̀, ó mú rìsíìtì tó ní nọ́ńbà pulọ́ọ̀tì kan náà lọ́wọ́. Baálẹ̀ ní òun ò mọ ilé iṣẹ́ náà rí. Obìnrin yìí ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Owó èsúsú, owó ọjà àti èyí tí àwọn ọmọ fi ránṣẹ́ ló kó síbẹ̀. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń mú èèyàn jù ni excision. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àkóso gómìnà. Ní agbègbè Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí, ìjọba ti gba ilẹ̀ tó pọ̀ gan-an. Ti Lekki Free Zone, agbègbè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ àti òwò, nìkan tó nǹkan bíi hẹ́kítà 16,500. Èyí tí ìjọba bá yọ̀ǹda padà fún àwọn ará abúlé ni wọ́n ń pè ní excision, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú gásẹ́ẹ̀tì, ìwé ìkéde ìjọba. Bí ajẹ́ǹtì bá wá ní "excision wa ń lọ lọ́wọ́," ohun tó ń sọ fún yín ni pé ilẹ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé béèrè. Ìjọba lè má gbà. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ti ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó, èyí tí àwọn awọnlẹ̀ ń pè ní committed, ìwé kankan ò lè gbà á lọ́wọ́ kátápílà.

Nítorí náà, ẹ wá awọnlẹ̀ tiyín. Kó bá yín dé orí ilẹ̀, kó fi ẹ̀rọ gba kóódínétì igun rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi ibi tí ilẹ̀ náà wà gan-an hàn, kó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, olórí awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀, ní Aláùsá kí wọ́n wò ó lórí àwòrán ilẹ̀ ìpínlẹ̀. Ẹ má lo kóódínétì tí àwọn ajẹ́ǹtì tẹ̀ sórí ìwé tiwọn. Wọ́n lè fún yín ní ti ilẹ̀ mìíràn tí kò ní wàhálà. Ajẹ́ǹtì tó bá kọ̀ kí awọnlẹ̀ yín dé ibẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì rẹ̀.

Ẹ sì béèrè ẹbí tó ta ilẹ̀ fún wọn. Láti 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ni ilé ẹjọ́ ti là á kalẹ̀: bí olórí ẹbí ò bá lọ́wọ́ sí títa ilẹ̀ ẹbí, òfo ni títà náà; bó bá sì dá a tà láìfi ti àwọn àgbà ẹbí yòókù ṣe, wọ́n lè gba ilé ẹjọ́ lọ yí i padà. Ẹ jókòó ti olórí ẹbí àti baálẹ̀ níbi tí ajẹ́ǹtì ò sí.

Àwọn kan nínú wọn tún ń ta oko. Wọ́n á ní kí ẹ ra éékà kan, àwọn á bá yín gbin ọ̀pẹ síbẹ̀, èrè á sì máa wọlé láti oṣù kẹfà. Ẹ bi àgbẹ̀ èyíkéyìí ní Ẹ̀pẹ́: ọ̀pẹ àgíríìkì tó ń yá so pàápàá ń gbà tó ọdún mẹ́ta, ẹ̀gẹ́ sábà máa ń gbà tó oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan. Owó tí wọ́n bá san fún yín lóṣù kẹfà, owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì ni.

Mi ò ní kí ẹ má lọ gbé abúlé. Ohun tó dáa ni. Ẹ kàn lọ fúnra yín lóṣù Kẹfà tàbí Keje, nínú òjò, láìsọ fún ajẹ́ǹtì. Ẹ wọ ọkọ̀ èrò gba Ìkòròdú àti Ìtòikin, tàbí gba Àjà, kí ẹ mọ iye tí ọkọ̀ àti ọ̀kadà ń gbà. Ẹ bi àwọn obìnrin tó wà nídìí kànga ibi tí wọ́n ti ń rí omi mu, ibi tí aboyún ń lọ bímọ, àti ibi tí àgbàrá máa ń dé. Ẹ bi àwọn tó ti kọ́lé níbẹ̀ nípa ọmọ onílẹ̀: owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kì, owó òrùlé. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2016 ka irú owó bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń gbà á.

Ẹni tó bá ti sanwó fún irú wọn, ẹ má dá lọ bá wọn jà ní abúlé. Ẹ sọ fún bánkì yín lójú ẹsẹ̀. Ẹ kó rìsíìtì, ẹ̀rí owó tí ẹ fi ránṣẹ́ àti gbogbo ọ̀rọ̀ orí WhatsApp pọ̀, ẹ má pa ìkankan rẹ́. Ẹ kọ̀wé sí LASRERA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ títa ilé àti ilẹ̀, àti sí ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti jìbìtì ní Ìkòyí. Ẹgbẹ́ wa ń kó àwọn tó ní irú rìsíìtì yìí jọ kí a lè kọ ìwé ẹ̀sùn kan ṣoṣo. Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ sanwó, nọ́ńbà pulọ́ọ̀tì yín àti orúkọ tó wà lórí àkáǹtì náà ránṣẹ́ sí wa.