Yànmọ̀tí eléèpo, bíbó tàbí òróró rẹ̀: èwo ni kí ẹ rà?

Bó bá jẹ́ pé nítorí egungun àti ẹ̀jẹ̀ lẹ ṣe ń wá yànmọ̀tí lọ sí ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ tàbí Wàzò ní Ògbómọ̀ṣọ́, eléèpo ni kí ẹ rà. Inú èèpo ni kálísíọ́mù pọ̀ sí. 100 gíráàmù eléèpo ní nǹkan bí mílígíráàmù 975. Bíbó ò ju bí 60 lọ. Èròjà irin eléèpo tó mílígíráàmù 14.6, ti bíbó jẹ́ 6.4. Purotéènì ni bíbó fi lé díẹ̀: gíráàmù 20 sí 17.7.

Ṣùgbọ́n èèpo yìí ní èròjà kan tó ń jẹ́ ọ́sálétì, tó di púpọ̀ nínú kálísíọ́mù náà mú, tí ara ò fi ní rí gbogbo rẹ̀ lò. Kálísíọ́mù inú ṣíbí ìjẹun kan, bíi gíráàmù 9, ò ju mílígíráàmù 88 lọ. Ẹni tó bá ní ó lè rọ́pò wàrà pátápátá ń tàn yín ni. Nítorí ọ́sálétì yìí, ẹni tí òkúta inú kíndìnrín ti ṣe rí, kó mú bíbó, kó sì bi dókítà rẹ̀. Ẹni tí yànmọ̀tí máa ń mú ara rẹ̀ yún tàbí wú, kó má fẹnu kàn án rárá, òróró rẹ̀ pẹ̀lú.

Òróró ńkọ́? Ó dára láti fi se ọbẹ̀, ọ̀rá rẹ̀ sì sàn fún ọkàn ju bọ́tà lọ, àmọ́ kò ní purotéènì, kò ní kálísíọ́mù. Ṣíbí kan tó kálórì 120, ẹ má dà á yàà.

Ẹ̀pà borí yànmọ̀tí ní purotéènì (bíi gíráàmù 26), kálísíọ́mù rẹ̀ ló kéré, mílígíráàmù 92 péré. Ẹ̀wà ni mo gbà pé ó bá yànmọ̀tí mu jù: nínú àwọn èròjà tó para pọ̀ di purotéènì, láísínì tí yànmọ̀tí ò ní tó, ẹ̀wà ní in, mẹtiónínì tí ẹ̀wà ò ní tó, yànmọ̀tí ní in. Ẹ bu ṣíbí kan tí ẹ ti lọ̀ sórí ẹ̀wà sísè.

Lọ́jà, ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó wọn kóńgò. Tó bá korò gan-an, tó sì ń rùn bí òróró àtijọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Eléèpo funfun máa ń jọ bíbó: ẹ rẹ díẹ̀ sínú omi, kí ẹ fi ìka pa á, bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bá ń bó, eléèpo ni. Ẹ má sì fi yànmọ̀tí dúdú pe hábátù sáúdà (black seed). Yànmọ̀tí pẹlẹbẹ, ó ṣe ṣóńṣó lórí kan, hábátù sáúdà ní igun.

Iyanrìn ni ìṣòro tó wọ́pọ̀. Ẹ da omi púpọ̀ sí i, ẹ rò ó, kí ẹ tètè bu yànmọ̀tí tó wà lókè sínú asẹ́ wẹ́ẹ́rẹ́. Iyanrìn á kù sísàlẹ̀. Ẹ sá a gbẹ, kí ẹ yan án lórí iná jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 3 sí 5, kí ẹ máa rò ó. Tó bá ti ń ta pàrà, ẹ sọ̀ ọ́. Tó bá pọ́n jù, á korò. Ẹ lọ̀ ọ́ kí ẹ tó jẹ ẹ́, torí odindi máa ń gba inú kọjá láìdà. Ìwọ̀nba tí ẹ máa jẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹ lọ̀, kí ẹ dé e pa sínú fìríìjì. Ìyókù, ẹ fi í sílẹ̀ ní odindi.