Àyẹ̀wò iṣẹ́ àtúnṣe: Commodore 64 mi tó kú lẹ́ẹ̀mejì

Commodore 64, kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí mo fi kọ́ BASIC, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún un, nígbà èwe mi, kú lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́fà. Ikú àkọ́kọ́ jẹ́ ti ogbó. Ikú kejì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ẹnjiníà kan ti gba iṣẹ́ rẹ̀, tó gba owó, tó sì dá a padà fún mi pé ó ti yè. Ilé àtúnṣe kejì tí mo gbé e lọ ló wá jí i dìde ní tòótọ́. Iṣẹ́ wọn ni mo fẹ́ gbé yẹ̀wò níhìn-ín, nítorí mo ti rí i pé ohun tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kì í ṣe ìmọ̀ nípa IC, àwọn ege dúdú kéékèèké tó ń ṣe iṣẹ́ inú ẹ̀rọ, bí kò ṣe ibi tí olúkúlùkù wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àrùn náà.

Ọdún 1982 ni Commodore gbé ẹ̀rọ yìí jáde, wọ́n sì ń ṣe é títí ilé-iṣẹ́ náà fi kógbá sílé ní 1994. Nígbà tí ara rẹ̀ bá dá, bí a bá ti tàn án ni ojú tẹlifíṣọ̀n á di búlúù, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé 38911 BASIC BYTES FREE, á sì kọ READY sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú àmì kékeré kan tó ń ṣẹ́jú, tó ń dúró de ohun tí a fẹ́ tẹ̀. Tèmi kò kọ nǹkan kan mọ́. Iná pupa tó wà lára rẹ̀ ń tàn bó ṣe máa ń tàn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òkùnkùn biribiri ló wà lójú tẹlifíṣọ̀n.

Ẹnjiníà àkọ́kọ́ kì í ṣe òpè. Ó tú u lójú mi, ó fi ìka kan IC kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tó gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì mú PLA. IC yìí ló máa ń pinnu, nígbàkígbà tí 6510, ọpọlọ ẹ̀rọ náà, bá béèrè nǹkan, èwo nínú àwọn IC yòókù ni kó dá a lóhùn. Ó máa ń gbóná gan-an, ó sì wà lára àwọn tó máa ń tètè kú jù nínú ẹ̀rọ yìí. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ojú búlúù náà padà wá, inú mi sì dùn débi pé mi ò bi í ní ohunkóhun. Ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló fi ki ádápítọ̀ àtijọ́ tó ń fún ẹ̀rọ náà níná bọ inú àpò mi. Ní ọjọ́ kẹta, òkùnkùn tún dé. Nígbà tí mo pè é, ó ní IC mìíràn ló bàjẹ́, kí n wá owó tirẹ̀ náà wá. Bí a ṣe ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá nìyẹn, torí pé ohun tó ń pa àwọn IC náà wà nínú àpò tí mo gbé lọ sílé.

Ní ilé àtúnṣe kejì, mi ò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí ẹnjiníà tó dá mi lóhùn fi béèrè pé, “Ádápítọ̀ rẹ̀ ńkọ́, ṣé ẹ gbé e dání? Ẹ má fi tan nǹkan kan mọ́ o.” Ìbéèrè yẹn ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ sí wọn. Oríṣi iná méjì ni ádápítọ̀ Commodore 64 ń gbé wọlé, fóltì 5 DC àti fóltì 9 AC. Èyí tó jẹ́ 5 yẹn ni ọ̀pọ̀ IC inú ẹ̀rọ náà ń jẹ, kò sì yẹ kó kéré sí 4.75 tàbí kó ju 5.25 lọ. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù líle kan ni wọ́n dà kún inú ọ̀pọ̀ ádápítọ̀ wọ̀nyí láti ilé-iṣẹ́ wá, ooru kò rí ibi gbà jáde, régúlétọ̀ tó wà nínú rẹ̀, tó ń ṣọ́ fóltì kó má kọjá ààlà, sì ń jóná díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ tí régúlétọ̀ náà bá jáwọ́, fóltì 5 á gòkè, IC ìrántí ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ lọ.

Wọn kò fi ẹnu lásán sọ ọ́ fún mi. Ẹnjiníà náà so gílóòbù mọ́tò kan mọ́ ẹnu ádápítọ̀ náà kó lè ní iṣẹ́ tó ń ṣe, ó fi mítà kan án, ó sì ní kí n fà àga súnmọ́ ọ̀dọ̀ òun. Mítà náà ka 5.08. Mo wò ó, mo ní, “Ṣé ẹ rí i pé kò sí nǹkan tó ṣe é?” Ó dáhùn pé, “Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbóná ná.” Fún bí ogún ìṣẹ́jú, kò sí ìyàtọ̀. Lẹ́yìn náà ó di 5.2, ó di 5.3, ó tún padà sí 5.1 bí ẹni pé ó ti ronú pìwà dà. Àfi lójijì tó fò sókè sí 6.4, tí gílóòbù náà sì mọ́lẹ̀ sí i lójú wa. Ó fa wáyà náà yọ. Ẹni tó bá wọn ádápítọ̀ yìí nígbà tó ṣì tutù, tó sì wò ó fún ìṣẹ́jú kan péré, á búra pé ara rẹ̀ le. Ó ṣeé ṣe kí ẹnjiníà àkọ́kọ́ ti wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀, ó sì tún ṣeé ṣe kó má wọ̀n ọ́n rárá. Ní tèmi, owó àyẹ̀wò tí mo san tọ́ sí wọn lórí ìdajì wákàtí yẹn nìkan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ó tó kan ẹ̀rọ náà gan-an. Nínú páńẹ́ẹ̀lì tèmi, pátákó tí wọ́n to àwọn IC sí, IC mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní 4164 ló pín ìrántí 64K náà láàárín ara wọn, ó sì dára kí a mọ bí wọ́n ṣe pín in. Kì í ṣe pé IC kan gba apá kan, tí ìkejì gba apá mìíràn. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí a bá tẹ̀ ni wọ́n ń gé sí bíìtì mẹ́jọ, tí IC kọ̀ọ̀kan sì ń tọ́jú bíìtì kan ṣoṣo. Nítorí náà, bí ẹyọ kan bá kú nínú wọn, kò sí lẹ́tà kan tó lè pé mọ́ nínú gbogbo ìrántí náà, òkùnkùn náà nìyẹn.

Láti mọ èyí tó kú, ó ki kátírììjì ìdánwò kan bọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ, irú èyí tó lè dá ṣiṣẹ́ bí ìrántí tilẹ̀ ti kú, níwọ̀n ìgbà tí VIC-II, IC tó ń ya àwòrán, bá ṣì wà láàyè. Ojú tẹlifíṣọ̀n ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sinmi, ó tún ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Iye ìgbà tó bá ṣẹ́jú ló ń tọ́ka sí IC tó ní àrùn. Nígbà tí ó pààrọ̀ ìyẹn, ojú náà tún ṣẹ́jú, àmọ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́tẹ̀ yìí. Méjì ló ti kú nígbà náà.

Bó ṣe yọ wọ́n ni mo fẹ́ kí àwọn tó ní irú ẹ̀rọ yìí fiyè sí. Lẹ́ẹ̀dì, irin rírọ̀ tí iná ń yọ́, ni wọ́n fi jó ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún IC kọ̀ọ̀kan mọ́ páńẹ́ẹ̀lì, páńẹ́ẹ̀lì náà sì ti gbó; ẹni tó bá kánjú fà á, bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ihò ká ni yóò bá a wá, àtúnṣe ìyẹn sì le ju ti IC lọ. Ẹnjiníà yìí kò fà á rárá. Ó fi pílásì kékeré gé ẹsẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ara IC fi jábọ́ fúnra rẹ̀, ó wá ń gbóná ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ẹ̀mú yọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó sì ń fa lẹ́ẹ̀dì tó kù kúrò nínú ihò. Ó jó sọ́kẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, orí sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ó gbé 4164 tuntun lé, kí ẹni tó bá tún máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú má bàa fi iná kan páńẹ́ẹ̀lì náà mọ́.

Mo bi í bóyá kò yẹ kí a kúkú pààrọ̀ gbogbo kàpásítọ̀, ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná fún ìgbà díẹ̀, níwọ̀n bí a ti ṣí i, torí pé ìmọ̀ràn tí mo máa ń gbọ́ nìyẹn. Ó kọ̀, èsì rẹ̀ sì tẹ́ mi lọ́rùn: ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Nínú àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ yòókù, Amiga 600, Amiga 1200 àti Macintosh Classic ni kàpásítọ̀ wọn máa ń jò, tí omi rẹ̀ sì ń jẹ páńẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ ni nínú Amiga 500 Plus, bátìrì ni ọ̀tá. Nínú BBC Micro, kàpásítọ̀ inú ibi tí iná ń gbà wọlé ló sábà máa ń bẹ́, tí yóò sì rú èéfín. Commodore 64 kì í sábà ní ìṣòro wọ̀nyẹn. Ó wọn ti tèmi, ó rí i pé wọ́n ṣì le, ó sì fi wọ́n sílẹ̀. Ì bá ti gba owó iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, mi ò sì ní mọ̀.

Ẹ̀yà ara tuntun tí tèmi nílò kò ṣòro jù láti rí. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ṣe 4164 nígbà náà, ó ṣì wà. Àwọn tó le láti rí ni 6510, VIC-II àti SID, IC tó ń ṣe ohùn, torí pé MOS Technology, tí Commodore rà ní 1976, ló ṣe wọ́n, kò sì sí ẹni tó ń ṣe wọ́n mọ́. A dúpẹ́ pé kò sí èyí tó kú lára àwọn ti tèmi.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀sùn mi wà. SID, nọ́ńbà 6581, tí Bob Yannes gbé kalẹ̀, ni ọkàn-àyà ẹ̀rọ yìí fún mi: ohùn mẹ́ta péré ló ní, síbẹ̀ mi ò tíì gbọ́ ohun tó dà bíi rẹ̀. Nígbà tí mo gba ẹ̀rọ mi padà, mo rí i pé wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ irin kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ láti máa fa ooru kúrò. Ètò náà dára, ó ń mú kí IC pẹ́ láyé, ṣùgbọ́n irú gọ́ọ̀mù tí wọ́n lò kò ṣeé ká kúrò láìba IC jẹ́, ó sì ti bo nọ́ńbà tó ń sọ ọdún àti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é. Fún ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ àtijọ́, ìwé ìbí ni nọ́ńbà yẹn. Wọ́n bi mí léèrè kí wọ́n tó gé ẹsẹ̀ IC tó ti kú. Ó yẹ kí wọ́n bi mí kí wọ́n tó lẹ nǹkan mọ́ èyí tó wà láàyè. Nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n bẹ̀ mí, wọn kò sì bá mi jiyàn. Ohun kejì ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi dúró de 4164 láìpè mí lẹ́ẹ̀kan, èmi ni mo ń pè wọ́n.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọn kò jẹ́ kí n bá ádápítọ̀ àtijọ́ náà lọ láìkọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé kò ṣeé lò. Wọ́n fún mi ní tuntun, wọ́n sì fi ohun ààbò kékeré kan sáàárín òun àti ẹ̀rọ, tí yóò gé iná bí fóltì 5 bá ti fẹ́ ga jù. Nínú ọ̀rá kan ni mo bá IC méjì tí kò lẹ́sẹ̀ mọ́, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ gbogbo ohun tí mítà sọ sí, ṣáájú iṣẹ́ àti lẹ́yìn iṣẹ́. Oṣù karùn-ún rèé tí 38911 ti ń jáde ní gbogbo ìgbà tí mo bá tàn án, títí kan ọjọ́ tí mo fi sílẹ̀ lórí iná láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Mo máa tún lọ sọ́dọ̀ wọn. Disk drive 1541 mi, tí orí tó ń kàwé nínú rẹ̀ ti yà kúrò lójú ọ̀nà, ti wà nínú páálí, mo sì ti kọ ọ́ sára páálí náà pé kí wọ́n má ṣe lẹ ohunkóhun mọ́ IC kankan kí wọ́n tó pè mí.