Òòfà Mi Jábọ́ Lẹ́ẹ̀mẹta: Bí Mo Ṣe Ra Vespa Àtijọ́ Lọ́wọ́ Ilé Iṣẹ́ Kan n'Íbàdàn

Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo gbé òòfà mọ́ ilẹ̀ Vespa yẹn, níbi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ sí, lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ló já bọ́ sórí símẹ́ńtì. Ọmọkùnrin tó ń tajà fún mi wò ó. Èmi náà wò ó. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní: "Ẹ̀gbọ́n, òòfà yín ló ti gbó."

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Òòfà tó ní ó ti gbó, ara spíkà rédíò bàbá mi ni mo ti yọ ọ́. Mo mú un, mo rìn lọ sẹ́nu géètì wọn nínú òjò wẹ́liwẹ́li, mo gbé e mọ́ irin. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi já a kúrò. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ọmọkùnrin náà ti gbé fóònù sétí, ó ń bá ẹni tí kò pè é sọ̀rọ̀.

Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa wá Vespa àtijọ́ kiri abúlé àti ilé àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n kùn ún lọ́dà, kí wọ́n wá tà á fún irú àwa tí àárò ń sọ. Mi ò ní máa ṣàlàyé Vespa fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó bi bàbá rẹ̀ léèrè; bí bàbá náà bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn, ó ti gùn ún rí nìyẹn. Èyí tí mo lọ wò ni Super 150, èyí tí táyà rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 8, aláwọ̀ búlúù. ₦950,000 ni wọ́n ní kí n mú wá. Lórí fóònù, wọ́n ní ó dà bíi pé àná ni wọ́n gbé e dé láti Ítálì.

Kí n tó bínú síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ tẹnu mi. Àyíká wọn mọ́. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì fún mi ní pure water tó tutù dé eyín, ó bi mí bóyá mo ti jẹun, ó sì kọ orúkọ mi sílẹ̀ láìṣì í kọ. Orúkọ mi gùn, báńkì gan-an ń ṣì í kọ. Ẹnikẹ́ni kò sì dá mi dúró nígbà tí mo tẹ́ páálí sílẹ̀, tí mo dùbúlẹ̀ láti wo abẹ́ ọkọ̀. Níbòmíì tí mo ti kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní kí n sanwó ná kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo nǹkan oníǹkan lábẹ́.

Ẹni tí kò bá yé, á máa rò pé kí ni mò ń fi òòfà wá. Ọ̀kadà ní egungun onípáìpù nínú. Bí ìbòrí rẹ̀ bá jẹrà, ìbòrí náà ló jẹrà. Vespa kò rí bẹ́ẹ̀. Corradino D'Ascanio tó ṣe é fún ilé iṣẹ́ Piaggio ní Ítálì, onímọ̀ ẹ̀rọ bàálù ni, kò sì fẹ́ràn alùpùpù rárá. Ohun tó gbé jáde, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún 1946, páànù tí wọ́n tẹ̀ tí wọ́n sì jó pọ̀ ni, tó ń gbé ara rẹ̀ ró bíi ti bàálù. Ara rẹ̀ ni egungun rẹ̀. Bí ìpẹtà bá ti jẹ ilẹ̀ rẹ̀ tán, kì í ṣe ẹwà ló lọ. Òòfà kì í sì í lẹ̀ mọ́ body filler, ohun tí wọ́n ń pò dí ihò ara ọkọ̀. Àwọn panẹ́bítà wa mọ̀ ọ́n pò, wọ́n mọ̀ ọ́n họ títí á fi dán: wọn á dé ihò ní fìlà, apẹ́ńtà á wá wọ aṣọ fún fìlà. Búlúù yẹn, láti abẹ́ búréèkì ẹsẹ̀ títí dé ẹ̀yìn, fìlà ni.

Èkejì ni ti ooru ara ẹ̀ńjìnnì. Mo ti bẹ̀ wọ́n lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé kí wọ́n má sítáàtì rẹ̀ kí n tó dé, torí ẹ̀ńjìnnì tó tutù ni kì í parọ́. Èyí tí wọ́n bá ti mú gbóná, kíìkì kan ló máa fi dáhùn, oníbàárà á sì rò pé ara rẹ̀ le. Ọmọkùnrin náà fi ìyá rẹ̀ búra pé láti àná ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ kàn án. Ó gbóná bí àmàlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná.

"Oòrùn ló pa á, ẹ̀gbọ́n."

Abẹ́ páànù la wà. Òjò sì ń rọ̀.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Vespa bàbá mi ni mo ń rí nígbà tí mo ń wo búlúù yẹn. Ẹni tó bá fojú àná wòkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ. ₦950,000 ni aṣọ tèmi ì bá jẹ́. Vespa, agbọ́n ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Ítálì. Agbọ́n ni mo lọ rà, ẹni tó ń tà á ló fẹ́ ta mí.

Mo ti kó òòfà sápò, mo ti ń wá ọ̀nà àtilọ, nígbà tí ohùn kan dún láti ẹ̀yìn: "Ìwọ olóòfà, máa bọ̀ níbí."

Bàbá kan ni, mẹkáníìkì wọn. Ó jókòó lórí garawa ọ̀dà tó dojú dé, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ kabúrétọ̀ nínú bẹntiróòlù. Mo kí i, mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, torí ó ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí. Kò bi mí iye tí mo mú wá. Ohun tó bi mí ni pé, "O fẹ́ gùn ún ni, àbí o fẹ́ gbé e sí pálọ̀?"

Mo ní mo fẹ́ máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́.

"Fi ọ̀dà sílẹ̀ nígbà náà."

Ó dìde, ó bọ́ ìbòrí ẹ̀gbẹ́ búlúù yẹn, ó fi àkísà nu ibì kan lára páànù, ó ní kí n kà á sókè. VBC1T, nọ́ńbà wá tẹ̀ lé e. Ó tún nu ara ẹ̀ńjìnnì. VBB1M. Ó ní lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ni kí n kọ́kọ́ wò: T ni ti ara ọkọ̀, M ni ti ẹ̀ńjìnnì, bí àwọn Ítálì ṣe ń pè wọ́n, telaio àti motore. Ohun tó ṣáájú wọn ló gbọ́dọ̀ bára mu. VBC1T, VBC1M ni ìkejì rẹ̀. Ti búlúù yìí, ẹ̀ńjìnnì Vespa tó dàgbà jù ú lọ ni wọ́n gbé sí i nínú.

"Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀," Bàbá ní. "Ó ń sáré. Ṣùgbọ́n ta ló ń san owó orijínà ra àdàpọ̀?"

Ọmọkùnrin náà ti dé ẹ̀yìn wa. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, oníbàárà mi ni o."

"Oníbàárà ẹ ni. O ò ra ojú ẹ̀."

Láti ibẹ̀ lọ, ìbínú mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, kí n má parọ́. Nǹkan bíi wákàtí méjì ni Bàbá lò pẹ̀lú mi, kò gba kọ́bọ̀. Ó ní èéfín kì í ṣe àrùn lára Vespa, torí epo àti ọ́ìlì ló jọ ń jó, bíi ti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour". Irú èéfín ni kí n máa wò. Tó bá fẹ́lẹ́, tó fẹ́ jọ búlúù, ìyẹn ò burú. Tó bá funfun, tó ki, tó ń rùn bí ọ́ìlì jíà, tí ọ́ìlì jíà náà sì ń dín, ẹ̀ńjìnnì ti ń fa ọ́ìlì jíà mu nìyẹn: síìlì ẹ̀gbẹ́ kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ. Síìlì náà ò wọ́n, ó ní, àmọ́ ẹ̀ńjìnnì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì là á sí méjì. Ó gbé iwájú ọkọ̀ sókè, ó ní kí n yí ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tó bá há díẹ̀ láàárín, bọ́ọ̀lù ọrùn ti jẹ ojú irin. Ó ní kí n gùn ún gun òkè ní jíà kejì, kí n fún un níná, kí n sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Tí jíà bá fò jáde fúnra rẹ̀, irin kékeré kan wà nínú tó rí bí àgbélébùú, ìyẹn ló ti jẹ.

Lẹ́yìn náà ló mú mi lọ sábẹ́ tápólì kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Super náà ni, àwọ̀ ewé, tàbí ohun tó ṣẹ́kù nínú àwọ̀ ewé. Ìjókòó rẹ̀ ti ya, gíláàsì iná iwájú ti là, eku ti bímọ sínú àpótí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún ní Ítálì ṣì wà lára rẹ̀. Mo yọ òòfà mi. Ó lẹ̀ típẹ́típẹ́ níbi gbogbo, àfi ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ búréèkì tí ihò kan wà, kò ju àtàǹpàkò lọ, tí ẹnikẹ́ni ò gbìyànjú àtibò. Mo fọwọ́ tẹ kíìkì, ó ta kò mí, ó ń tì mí padà. Bàbá ní píńsítìnnì àti ríńgì ṣì mọra nìyẹn. VBC1T. VBC1M. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pariwo, ṣùgbọ́n Bàbá wò mí lójú, mo sì pa ẹnu mọ́.

Ìgbà kejì tí mo lọ, ó ti fọ kabúrétọ̀ rẹ̀, ó ti nu kọ́ńtáàtì. Kíìkì kẹsàn-án ló sítáàtì, ó sì tutù bí omi àmù kó tó bẹ̀rẹ̀. Mo gùn ún gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn ibẹ̀. Jíà kejì fò jáde. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ṣe é pààrọ̀. Mo ti bá ẹ rí ohun tó o máa fi dúnàá dúrà."

Ó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀. Alhaji tó ni ilé iṣẹ́ náà ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ₦350,000 sì ni wọ́n pe àwọ̀ ewé nígbà yẹn. Nígbà tó gbọ́ pé Bàbá ti kọ́ mi ní nọ́ńbà kíkà, ó di ₦410,000. Mo ní kí ló yí padà. Ó ní, "Ìgbà yẹn, ẹ ò tíì mọ ohun tó jẹ́." Mi ò rí èsì fún un títí di òní. Mo sọ ti jíà, a parí rẹ̀ sí ₦385,000. Nínú rìsíìtì, lábẹ́ iye náà, ọmọkùnrin yẹn fi bírò pupa kọ ọ́: "Ọ̀dà búlúù tí òòfà bó, ₦5,000." Mo san án. Ẹ má bi mí.

Ti pépà ló wá burú jù. Orúkọ tíṣà tó ti dolóògbé ló wà nínú pátíkúlásì, àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó di tèmi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n dá fún mi. Ọ̀sẹ̀ méje ló gbà. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni mo pè wọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹrin nínú rẹ̀, ọmọbìnrin tó ń kọ orúkọ mi dáadáa ló gbé e, ó máa ń tọrọ gáfárà tọkàntọkàn, kò sì sí ohun tó yí padà. Gbogbo ìyókù, fóònù ń dún ni. Bí ẹ bá fẹ́ ra tiyín, ẹ má kó owó tán lọ́wọ́ kí pépà tó dọ́wọ́ yín, bí inú yín ti wù kó dùn tó.

Mo ń gùn ún báyìí. 100 ml ọ́ìlì sínú lítà 5 epo, ó ń gun òkè Ìbàdàn láìráhùn, àwọn ọmọ àdúgbò sì ti sọ mí ní Bàbá Alágbọ́n. Búlúù yẹn náà ti tà. Mo rí ẹni tó rà á lójú títì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wọ fìlà tó bá ọ̀dà rẹ̀ mu. Mi ò sọ nǹkan kan fún un.

Máàkì: 4 nínú 5. Ẹyọ kan tí mo yọ, ti pure water ọjọ́ tí mo lọ gba pépà ni. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.