Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń wá owó ilé: àgbéyẹ̀wò DVD Public Eye

Ẹ bi òyìnbó tí kò tíì pé ọgọ́ta ọdún léèrè nípa Public Eye, á kàn máa wò yín ni. Ẹ bi àgbàlagbà, ojú rẹ̀ á tàn: "Ọkùnrin oníkóòtù òjò yẹn!" Eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ orí tẹlifíṣọ̀n ni. Láti 1965 títí di 1975 ni ITV, ìkànnì tẹlifíṣọ̀n Ìlú Ọba kan, fi ń gbé e jáde, ìpín 87 sì ni gbogbo rẹ̀. Àwọn arúgbó ilé ìtọ́jú tí mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ló fi mí mọ̀ ọ́n. Wọn kì í jẹ́ ká yí tẹlifíṣọ̀n kúrò lórí Talking Pictures TV, ìkànnì ọ̀fẹ́ kan tí ẹbí kan dá sílẹ̀ ní 2015, tó jẹ́ pé fíìmù àtijọ́ àti ètò àtijọ́ ni tirẹ̀. Mo kọ́kọ́ ń fi etí kan gbọ́ ọ bí mo ṣe ń pín oògùn. Nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá àyè jókòó. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń ra DVD rẹ̀ ní àlòkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sáà kan lẹ́yìn òmíràn.

Frank Marker lorúkọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà, Alfred Burke ló ṣe é. (Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ti rí Burke láìmọ̀: òun ló ṣe Ọ̀jọ̀gbọ́n Dippet nínú fíìmù Harry Potter kejì. Ó kú ní 2011.) Ẹ gbàgbé ìbọn, ẹ gbàgbé mọ́tò tó ń sáré gba kọ́nà, ẹ gbàgbé akọ̀wé arẹwà. Ọ́fíìsì Marker kò ju yàrá kótópó lọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé omi tíì kaná. Ẹni tí ọkọ rẹ̀ sá lọ, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ò wálé mọ́, ẹni tó ń wá onígbèsè: irú wọn ló ń kan ilẹ̀kùn. Kò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jìnnà kó tó sọ iye tí òun ń gbà lójúmọ́, ìnáwó lọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni ojú oníbàárà ti máa ń yí padà. Ẹni tó ń sunkún lẹ́ẹ̀kan á nu ojú, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò bóyá òtítọ́ tóun ń wá tó owó yẹn.

Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ABC ti Ìlú Ọba ló kọ́kọ́ ṣe é, àwọn náà ló sì ń ṣe The Avengers, eré amí orí tẹlifíṣọ̀n (kì í ṣe fíìmù Marvel o), lásìkò kan náà. Roger Marshall, tóun àti Anthony Marriott jọ dá Public Eye sílẹ̀, wà lára àwọn tó ń kọ ìtàn fún The Avengers. Ẹ wò ó, orí kan náà! Ọ̀kan gbé agboòrùn àti aṣọ olówó iyebíye dé Amẹ́ríkà, òkìkí rẹ̀ ò tíì kú dòní. Èkejì jókòó sílé, ó ń wá ẹni tó sọnù ní Birmingham.

Sáà 1969 ni mo fẹ́ràn jù, n ò tiẹ̀ rí èyí tó sún mọ́ ọn. Ilé-iṣẹ́ Thames ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ABC nígbà yẹn. Ní ìparí sáà tó ṣáájú, ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ Marker nítorí ẹ̀ṣọ́ olówó iyebíye tí wọ́n jí, ó sì ṣẹ̀wọ̀n. Ìpín méje ni ti 1969, Marshall nìkan ló kọ gbogbo wọn, ọjọ́ tí Marker kúrò lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Ford ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tètè dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi òfin dè é lẹ́sẹ̀. Brighton létí òkun ni wọ́n ní kó lọ máa gbé. Ó ń bá kọ́lékọ́lé ṣiṣẹ́ lébìrà, ó gba yàrá lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Helen Mortimer, ó sì di dandan kó máa fara hàn fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó o. Ẹni tí gbogbo ayé ń bẹ̀ níṣẹ́ pé kó bá àwọn tú àṣírí ẹlòmíràn, òun náà wá di ẹni tí wọ́n ń ṣọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ àgbéyẹ̀wò yìí rèé: kò sí ètò kankan lórí tẹlifíṣọ̀n Ìlú Ọba tó sọ bí ayé ṣe rí fún mi nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibí tó èyí, bẹ́ẹ̀ n ò ṣẹ̀wọ̀n rí. Ẹni tó bá ti gba yàrá kan nínú ilé onílé á mọ̀ ọ́n. Wọ́n á ní kí o mú lẹ́tà wá látọ̀dọ̀ onílé tó o kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ìwọ tó jẹ́ ilé bàbá rẹ lo ti kúrò. Wàá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ, wàá fetí sílẹ̀ bóyá ẹnikẹ́ni wà ní kíṣìnnì kó o tó jáde lọ bu oúnjẹ. Nǹkan á sọnù níbi iṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò ní pe orúkọ rẹ, ìwọ lo kàn máa mọ̀ pé wọ́n ń wò ọ́. Burke mọ gbogbo èyí lára. Ẹ wo bó ṣe ń rìn nínú ilé obìnrin yẹn, bó ṣe ń di kọ́ọ̀bù tíì mú bíi pé ẹlòmíràn ló ni ín, tí kò sì fẹ́ kó fọ́. Ìfẹ́ ń bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, ẹ ó rí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ jáde. Tí wọ́n bá wọ́ ọ nílẹ̀, kì í jágbe. Ó ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú, ó ń tutọ́ funfun jáde, nígbà mìíràn ẹ̀fẹ̀ kékeré kan ló máa fi dáhùn, ẹ̀fẹ̀ tí ẹni tó ń bú u kò ní gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ títí yóò fi délé.

Ẹ ò lè rí ìpín tí ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ o. Kò sí mọ́. Nínú 41 tí ABC ṣe, márùn-ún péré ló kù. Téèpù fídíò wọ́n gógó láyé ìgbà yẹn, ó sì ṣeé tún lò, nítorí náà wọ́n á pa èyí tó wà lórí rẹ̀ rẹ́, wọ́n á gba nǹkan mìíràn sí i. Àdéhùn pẹ̀lú àwọn òṣèré kò sì jẹ́ kí wọ́n lè máa tún un fi hàn bó ṣe wù wọ́n. Nígbà tí aláwọ̀ mèremère wá dé, ta ló tún ń wojú aláwọ̀ dúdú-òun-funfun? BBC náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ rántí pé ní 2013 ni wọ́n kéde pé ìpín mẹ́sàn-án Doctor Who, eré wọn kan, tí gbogbo Ìlú Ọba ti wá tì wà ní Jos, nínú ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan. Láyé ìgbà yẹn, wọ́n máa ń kó ẹ̀dà fíìmù irú ètò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sókè òkun. Àwọn tó ni ín pa tiwọn rẹ́, tọ̀dọ̀ wa ń sùn jẹ́ẹ́ nínú eruku. Mo fi ń pa àwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ lẹ́rìn-ín pé kí wọ́n lọ wá Marker ní Plateau.

Ohun tí kò dùn mọ́ mi wà níbẹ̀. Ó ń falẹ̀. Ẹni tó ti mọ́ lára kí òkú sùn láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ kò ní lè jókòó tì í. Nínú yàrá, àwòrán rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, bí wọ́n bá bọ́ síta báyìí ó di fíìmù oníyanrìn, nítorí ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń ya á: téèpù fídíò nínú yàrá, fíìmù níta. Kò sí ọ̀rọ̀ kíkọ nísàlẹ̀ lórí ẹ̀dà tí mo rà, Burke sì ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ẹ ó máa dá a padà sẹ́yìn ni. Èyí tó dùn mí jù: Ìlú Ọba ọdún 1969 yìí, àwọn èèyàn wa ti ń wa bọ́ọ̀sì níbẹ̀, wọ́n ń tọ́jú aláìsàn, ṣùgbọ́n nínú èyí tí mo ti wò, kò wọ́pọ̀ kí aláwọ̀ dúdú tiẹ̀ ré kọjá ní títì.

Láti 1971 ó di aláwọ̀ mèremère, Marker ti kó lọ sí Windsor, ìtàn rẹ̀ sì dára síbẹ̀. Ní 1975, òun àti ọlọ́pàá àtijọ́ kan, Ron Gash, fẹ́ dá iṣẹ́ pọ̀, wọ́n sì pínyà. Apá yẹn kò mú mi tó ti àtẹ̀yìnwá, àfi ìgbà tó tún ku òun nìkan.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti 1965. Ẹ mú ti 1969, ẹ wò ó tẹ̀ léra, ẹ má fo ọ̀kankan. Tí ẹ bá fẹ́ ra àlòkù, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya ẹ̀yìn àwo fún yín kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹni tó ta ti 1971 fún mi kọ ọ́ pé kò lábùkù, àwo kan ti họ débi pé àwòrán ń dúró gbagidi lórí ojú Burke. Ó dá owó mi padà, ó ní kí n má wulẹ̀ fi DVD ọ̀hún ránṣẹ́ mọ́. Mo ti ra òmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó họ yìí, àwo tó kù inú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, kó kàn san owó ìfìwéránṣẹ́.