Níbo ni ká kó àwọn ọmọ lọ láti Àjàṣẹ́: Songhaï, Adjarra, Aguégués, àbí Kùtọ́nù?

Ẹ̀yin òbí tó wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), owó tí a fi ń kó ọmọ jáde kì í ṣe owó kékeré mọ́, ó dẹ̀ yẹ ká wo ibi tí à ń ná an sí ká tó ná an. Ohun tí mo ń rí ni pé tí wọ́n bá ti ní ẹ jẹ́ ká mú àwọn ọmọ lọ ṣeré, Kùtọ́nù àti Ganvié, ìlú orí omi yẹn, ló máa ń wá sọ́kàn gbogbo èèyàn, wọ́n á kó ọmọ mẹ́rin márùn-ún sínú tásì láàárọ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á mú wọn lójú ọ̀nà, èyí àbúrò á máa bì, èyí ẹ̀gbọ́n á máa bèèrè pé ṣé a ti débẹ̀, nígbà tí wọ́n bá fi máa débẹ̀ lóòótọ́ oòrùn ti mú, ìdajì owó ti bá ọ̀nà lọ. Mi ò sọ pé Kùtọ́nù ò dáa o. Mò ń sọ pé tí ọmọ yín ò bá tíì tó ọdún mẹ́wàá, ohun tó wà nítòsí yín ní Àjàṣẹ́ níbí àti ní Adjarra máa wúlò fún un ju ohun tó jìnnà lọ.

Nǹkan tí mo fi ń wọn ibi kọ̀ọ̀kan ò pọ̀: báwo lọmọ ṣe máa pẹ́ tó nínú ọkọ̀, kí ló máa rí fọwọ́ kàn tàbí kó ṣe níbẹ̀ yàtọ̀ sí kó kàn dúró máa wò, àti owó tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún yín tẹ́lẹ̀. Owó ẹnu ọ̀nà kì í sábà jẹ́ ìṣòro. Owó ọkọ̀, omi tútù, ẹni tó mú yín yí ká tó ń retí nǹkan lẹ́yìn, ọmọ tó rí nǹkan ìṣeré tó fi ẹkún bọnu, ibẹ̀ lowó ti ń jò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Songhaï, torí mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, mi ò dẹ̀ ní fi pamọ́. Ouando ló wà ní Àjàṣẹ́ níbí, zémíjàn, ọ̀kadà wa, á gbé yín dé ẹnu ọ̀nà. Fadá kan ọmọ Nàìjíríà, Godfrey Nzamujo, ló dá a sílẹ̀ ní 1985, oko ni, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ àgbẹ̀ ni, àmọ́ wọ́n máa ń mú àlejò yí ká. Ohun tó mú kó dáa fún ọmọdé ni pé wọn kì í da nǹkankan nù níbẹ̀, gbogbo nǹkan ló ń di oúnjẹ nǹkan míì, ọmọ á dẹ̀ rí i kedere. Ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì tí wọ́n fi ń dáná. Omi inú adágún ẹja ń lọ sí oko ẹ̀fọ́. Ìdin ló máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu jù: wọ́n á kó ìdọ̀tí oko síbì kan kí eṣinṣin lè yé sí i, ìdin funfun á kún ibẹ̀, á máa yí lórí ara wọn, wọ́n á kó o, wọ́n á dà á sínú omi, kí ẹ wá wo bí ẹja ṣe máa ń já lu ara wọn pẹ̀lú ẹnu lílà. Àwọn ọmọ á kọ́kọ́ pariwo pé ó ń rùn, lẹ́yìn náà wọn ò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Ọmọ ọdún méje á bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ìbéèrè tí ẹ̀yin fúnra yín ò ní lè dáhùn. Tí ẹ bá parí, ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ta jùúsì àti yọ́gọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣe fúnra wọn, ilé oúnjẹ náà wà, ẹ ò ní láti sáré wá ibi tí ẹ ti máa jẹun.

Kò tùmọ̀ sí pé kò ní àbùkù. Ìrìn pọ̀ níbẹ̀, inú oòrùn ni, ẹni tó ń mú yín yí ká dẹ̀ lè máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kọ́ àgbẹ̀ níṣẹ́ tí ọmọ kékeré á bẹ̀rẹ̀ sí í yán. Ẹ tètè lọ láàárọ̀, ẹ sọ fún un látìbẹ̀rẹ̀ pé ọmọdé lẹ kó wá, kó mú yín lọ síbi ẹran àti ẹja kíákíá, ẹ dẹ̀ bi í bóyá ó lè sọ Ègùn tàbí Yorùbá dípò Faransé, torí ọmọ tó bá gbọ́ ọ ní èdè ilé kì í gbàgbé. Tí ọmọ yín ò bá tíì tó ọdún mẹ́rin, ẹ má gbé e lọ síbẹ̀, ẹ̀yìn yín ló máa wà títí ẹ máa fi délé.

Ti ọmọ kéékèèké yẹn, ọgbà igi tí wọ́n ń pè ní Jardin des Plantes et de la Nature ló dáa fún un. Igbó ọba ni tẹ́lẹ̀ kí àwọn Faransé tó sọ ọ́ di ọgbà, àwọn ìrókò ńlá ńlá ṣì wà níbẹ̀, òjìji wọn tutù, ìyá àgbà lè jókòó, ọmọ lè máa sáré káàkiri láìsí mọ́tò tó máa kọ lù ú. Owó rẹ̀ ò pọ̀. Àwọn kan á ní kò sí nǹkan ìṣeré níbẹ̀, òótọ́ ni, kò sí ẹṣin onírin tàbí nǹkan tí wọ́n ń gùn sókè-sódò, àmọ́ ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù dání ò nílò ìyẹn. Ẹ gbé ẹní dání, ẹ dáná àtásì, ìrẹsì àti ẹ̀wà, láti ilé pẹ̀lú ata díndín, ẹ jẹun lábẹ́ igi.

Àwọn ilé ọnà wa ńkọ́? Tí ẹ bá ní ọmọ tó ti ń ka ìtàn níléèwé, ààfin Honmè tó jẹ́ ti àwọn ọba Àjàṣẹ́, ibi tí ọba Toffa tó jọba láti 1874 sí 1908 gbé, ó yẹ kó mọ̀ ọ́n. Musée ethnographique náà yẹ, torí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà níbẹ̀, nǹkan tiwa ni, àwọn ará Kétu tó wà láàárín wa mọ ohun tí mò ń sọ. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 pé ó jẹ́ ogún gbogbo ayé, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí wọ́n bí sí Àjàṣẹ́ ò tíì rí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan pẹ̀lú ojú ara wọn, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. Àmọ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, inú dígí ni nǹkan wà, fọwọ́ kàn án ò sí, ọmọ ọdún mẹ́fà ò ní fara dà á pẹ́. Ẹ pè wọ́n tàbí kí ẹ rán ẹnìkan lọ bèèrè kí ẹ tó gbéra, torí àwọn ilé àtijọ́ báwọ̀nyí máa ń wà ní títì nítorí àtúnṣe. Ní ọ̀nà ibẹ̀, ẹ yà wo mọ́sálásí ńlá láti ìta, ọ̀fẹ́ ni, àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì dé ló mú irú ilé bẹ́ẹ̀ wá, bó ṣe jọ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn máa ń mú àwọn ọmọ bèèrè ọ̀rọ̀.

Ó kù àwọn ibi tó ní omi, ibẹ̀ ni ìfiwéra gidi wà.

Adjarra ò jìnnà rárá. Ọjà ọrọọrún ni ọjà wọn, kí ẹ bèèrè ọjọ́ rẹ̀ kí ẹ tó lọ, tí ẹ bá bá a, ẹ máa rí ìkòkò amọ̀ lóríṣiríṣi, ẹ máa rí àwọn tó ń ṣe ìlù, wọn kì í bínú tí ọmọ bá lu èyí tó wà nílẹ̀ wò. Àwọn tó ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀ mọ Adjarra fún ẹlẹ́dẹ̀ yíyan, ẹ̀yin Mùsùlùmí ẹ gbé oúnjẹ yín dání. Lẹ́yìn ọjà, ẹ lọ sí odò tí wọ́n ń pè ní Rivière Noire, ọkọ̀ ojú omi kékeré á gbé yín wọ inú rẹ̀, omi náà dúdú ṣùgbọ́n kò dọ̀tí, igi ògùrọ̀ bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ariwo ìlú á dákẹ́ lójijì. Ọmọ tí kì í dákẹ́ nílé á dákẹ́. Ìrìn náà ò gùn, ìyẹn ló mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn tó kù lọ fún ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá.

Aguégués ní tiẹ̀, láti etí ọ̀sà Àjàṣẹ́ níbí lẹ ti máa wọkọ̀. Ilé orí omi ni, bíi ti Ganvié, ọmọ ń wa ọkọ̀ lọ síléèwé, obìnrin ń tajà látinú ọkọ̀, àmọ́ àwọn ará ibẹ̀ ò tíì mọ́ra pẹ̀lú àlejò tó bẹ́ẹ̀, ẹ máa bá ayé wọn bó ṣe wà. Ganvié lókìkí jù, òótọ́ ni, ìtàn rẹ̀ dáa, àwọn Tofinu, ẹ̀yà tó ń gbé ibẹ̀, sá wọ orí ọ̀sà Nokoué torí àwọn tó ń kó èèyàn lẹ́rú, ó yẹ kí ọmọ tó ti dàgbà gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n láti Àjàṣẹ́, ẹ máa la Kùtọ́nù kọjá, ẹ máa dé Calavi tí èbúté rẹ̀ wà, ẹ máa tò sídìí tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó wá wọkọ̀, owó ibẹ̀ máa ń ga torí òyìnbó arìnrìn-àjò, ẹni tó ń ta ère àti aṣọ dẹ̀ máa tẹ̀ lé yín. Owó tí ìdílé kan máa fi dé Ganvié, ó lè gbé wọn dé Songhaï lọ́sẹ̀ yìí, kó tún gbé wọn dé Adjarra lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí ọmọ yín bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá, tó fẹ́ rí ilé orí omi, Aguégués ni kí ẹ yàn. Tí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi méjèèjì sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, torí wákàtí orí omi pọ̀, oòrùn ò ní ibi tí ẹ ti máa sá fún un, ilé ìtọ̀ dẹ̀ nira.

Kí ẹ tó fẹsẹ̀ lé ọkọ̀ kankan, ẹ sọ owó rẹ̀ dáadáa. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, èló ni àlọ àti àbọ̀ fún gbogbo wa?" Ẹ dúró lórí gbogbo yẹn, torí ẹlòmíì á sọ iye orí kan, ẹ̀yin á rò pé iye ọkọ̀ ló sọ, ẹlòmíì á sọ ti àlọ nìkan tí ẹ bá ti wà láàárín omi ọ̀rọ̀ á yí. Ẹ fún un ní díẹ̀, kí èyí tó kù di ìgbà tí ẹ bá gúnlẹ̀. Ẹ bèèrè jílé, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kí ẹ wọ̀ ọ́ fún ọmọ kí ọkọ̀ tó kúrò, tí wọ́n bá ní èyí tó wà tóbi jù fún un tàbí pé kò sí, ẹ padà. Mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọmọ dán omi wò. Àti pé fọ́tò, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé lórí omi kí ẹ tó yà wọ́n, ilé wọn ni ẹ wà.

Kùtọ́nù wá kù. Ère Amazone, ère obìnrin jagunjagun Dahomey, tí wọ́n ṣí ní 2022, mítà 30 ni gíga rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ilẹ̀ gbalasa ni, àwọn ọmọ á sáré ká a nírọ̀lẹ́, ó dáa. Tí ẹ bá ní nǹkan míì tí ẹ fẹ́ ṣe ní Kùtọ́nù, ẹ kó wọn dání, ṣùgbọ́n kí ẹ tìtorí rẹ̀ nìkan gba ọ̀nà, kò tó bẹ́ẹ̀. Òkun lèmi ń bẹ̀rù. Òkun wa máa ń fa èèyàn wọlé láti abẹ́, ẹni tó mọ̀wẹ̀ gan-an náà ń bá a lọ, ọmọ tí omi dé orúnkún rẹ̀ ti pọ̀ jù. Tí ẹ bá kàn fẹ́ atẹ́gùn òkun àti iyanrìn, etí òkun Ekpè sún mọ́ Àjàṣẹ́ ju Fidjrossè ti Kùtọ́nù lọ, kí àgbàlagbà kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ omi láìwo fóònù. Tó bá jẹ́ wíwẹ̀ làwọn ọmọ ń sunkún fún, àwọn òtẹ́ẹ̀lì kan máa ń gbowó kí èèyàn lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún wọn, owó yẹn san ju ewu lọ.

Ìgbà náà ṣe pàtàkì. Láti oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá odò Wẹmẹ máa ń kún, omi á bo ọ̀pọ̀ ibi ní Aguégués, ẹ má kó ọmọ lọ sórí omi nígbà yẹn, Songhaï àti ilé ọnà ló yẹ. Àwọn ọjọ́ ọyẹ́ nínú oṣù kejìlá sí oṣù kìíní, òtútù àárọ̀ ní etí omi mú gan-an, ẹ gbé ṣúẹ́tà dání fún èyí àbúrò.

Ẹ̀yin tó ń bọ̀ láti Kétu tàbí Pobè wá kí ẹbí fún ọjọ́ kan, ọ̀nà Sakété yẹn á gbé yín jáde sí apá Ouando, kí ẹ tiẹ̀ tó wọ àárín ìlú. Ẹ sọ̀ ní Songhaï, kí àwọn ọmọ Àjàṣẹ́ wá pàdé yín níbẹ̀, ẹ jọ jẹun ọ̀sán, kí ẹ tó jọ wọlé lọ kí àwọn àgbà.