Yàrá Oníkẹ̀kẹ́ Nínú Ọkọ̀ Ìgbafẹ́: Èwo Ni Kí Ẹ San Owó Lé?

Oríṣi yàrá mẹ́ta ni wọ́n ń tà fún àwa tí a ní ẹni tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́ nílé, tí a sì fẹ́ bá ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ lọ. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Carnival, tí ọ̀pọ̀ wa ní Houston ń wọ ọkọ̀ wọn ní èbúté Galveston ní Texas, ló là á sílẹ̀ jù lọ. Èkíní ni yàrá tí kẹ̀kẹ́ lè yí po nínú rẹ̀ láìkọ́ nǹkan kan, tí àyè sì wà lọ́tùn-ún lósì ibùsùn. Ẹ jẹ́ kí n pe ìyẹn ní yàrá kíkún. Èkejì jọ ọ́, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni kẹ̀kẹ́ ti lè sún mọ́ ibùsùn. Ẹ̀kẹta wà fún ẹni tó ṣì lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn díẹ̀, bóyá pẹ̀lú ọ̀pá tàbí wọ́kà. Mo máa pe ìyẹn ní yàrá arìndíẹ̀.

Mo ti gbé ìyá mi sùn nínú yàrá kíkún, mo sì ti gbé wọn sùn nínú yàrá arìndíẹ̀. Owó ọkọ̀ yìí kì í ṣe owó kékeré, wọn kì í sì í dá a padà bọ̀rọ̀ nígbà tí ọjọ́ ìrìn-àjò bá ti sún mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. N kò ní sọ̀rọ̀ oúnjẹ, eré orí ìtàgé tàbí odò ìwẹ̀, ẹ lè rí ìyẹn níbi gbogbo.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn yàrá kíkún fẹ̀ tó íǹṣì 32, ó kéré tán, bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Royal Caribbean, tí wọ́n tún fi àyè ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sílẹ̀ kí kẹ̀kẹ́ lè yí. Ilẹ̀kùn yàrá tí gbogbo èèyàn ń sùn sábà máa ń jẹ́ íǹṣì 22 tàbí 23, ilẹ̀kùn balùwẹ̀ tilẹ̀ lè há jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kẹ̀kẹ́ ìyá mi, tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 18, fẹ̀ tó bí íǹṣì 26 láti etí táyà kan dé etí èkejì. Etí táyà ni kí ẹ fi téèpù wọ̀n o, ẹ má wọn ìjókòó.

Ẹni tó bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì nígbà àkọ́kọ́ fọwọ́ sọ̀yà pé yàrá tó bá kẹ̀kẹ́ mu ni òun gbà fún wa. Ó ní ó tún ní bákónì, pé òkun ni Mọ́mì yóò máa jí rí láàárọ̀. Yàrá arìndíẹ̀ ni. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ kò wọlé. A tì í, a dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, táyà méjèèjì há mọ́ férémù. Àbúrò mi ọkùnrin ló gbé Mọ́mì wọlé lọ́wọ́, èmi ká kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé wọn. A kò lè fi í sílẹ̀ ní kọ́rídọ̀, nítorí ààbò iná, wọn kì í gba kẹ̀kẹ́ kankan láyè níbẹ̀. Àárín ibùsùn àti kọ́bọ́ọ̀dù ló wà títí a fi padà délé, gbogbo wa ń rá pálá kọjá lára rẹ̀.

Ti balùwẹ̀ ló wá burú jù. Irin ìdìmú wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ń dán yanranyanran. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ balùwẹ̀ ga ju ilẹ̀ yàrá lọ, èèyàn gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ kó tó lè wọlé, bẹ́ẹ̀ sì ni àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyá mi. Wọ́n di férémù mú lọ́wọ́ òsì, wọ́n gbìyànjú, ẹsẹ̀ náà kò kúrò nílẹ̀. Láàárọ̀ láàárọ̀, bésìnì omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti tówẹ̀lì ni mo fi ń nu ara wọn lórí ibùsùn, nínú ọkọ̀ tí a san owó rẹ̀ kí wọ́n lè sinmi. Wọn kò ráhùn. Wọ́n kàn ń sọ pé, “Ọmọ mi, mo mà ń yọ yín lẹ́nu o.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó lọ. Ẹni tó ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ọkọ̀ ti kún, kò sí yàrá mìíràn, kò sì sí owó tí yóò padà.

Nítorí náà, bí ẹni tiyín kò bá lè gun àtẹ̀gùn kan ṣoṣo fúnra rẹ̀, ẹ gbàgbé yàrá arìndíẹ̀, kódà bí wọ́n bá fi bákónì méjì kún un. Ó dára fún ẹni tí orúnkún ń dùn, tó ń lo kẹ̀kẹ́ níta nìkan nítorí ọ̀nà jíjìn. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ pọ̀, yóò sì tẹ́ wọn lọ́rùn.

Èyí tó kàn ni kò sí ẹni tó sọ fún wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Yàrá kíkún pàápàá ní ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì ní ti ọlọ́wọ́ òsì. Nínú balùwẹ̀ rẹ̀, ògiri wà nítòsí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀gbẹ́ kan, ara ògiri yẹn ni irin ìdìmú wà. Ẹ̀gbẹ́ kejì ṣófo, ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ń dúró sí kí èèyàn tó yí bọ́ sórí tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Bí ògiri bá wà lọ́wọ́ ọ̀tún ìyá mi nígbà tí wọ́n bá jókòó, irin náà kò wúlò fún wọn rárá. Ọwọ́ tó yẹ kó dì í mú wà lórí itan wọn, kò lè dìde. Ọwọ́ òsì tó lágbára, afẹ́fẹ́ ló ń dì mú.

Bí wọ́n ṣe ń to yàrá sínú ọkọ̀ ló fà á. Yàrá tó wà lápá òsì ọkọ̀ àti èyí tó kọjú sí i lápá ọ̀tún sábà máa ń dà bí èèyàn àti òjìji rẹ̀ nínú dígí: ohun tó wà lọ́tùn-ún níhìn-ín, òsì ni yóò wà lọ́hùn-ún. Ìtóbi kan náà, owó kan náà, ìwé ìpolówó kan náà, àmọ́ fún ẹni tí ẹ̀gbẹ́ ara kan ti kú, ọ̀kan jẹ́ yàrá, èkejì jẹ́ ìyọnu.

Nínú yàrá kíkún tí a kọ́kọ́ gbà, kẹ̀kẹ́ wọlé wẹ́rẹ́, ó yí po bó ṣe wù ú. Inú mi dùn títí Mọ́mì fi fẹ́ lo tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ògiri wà lọ́tùn-ún. Ní gbogbo ìgbà, ní ọ̀sán àti ní òru, mo ní láti dúró níwájú wọn kí wọ́n fi ọwọ́ òsì kọ́ mi lọ́rùn, kí n máa sọ̀ wọ́n kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá kan tí a jọ ń jẹun, tí òun náà ń lo kẹ̀kẹ́, ló pè mí wá wo yàrá tirẹ̀ lápá kejì ọkọ̀. Irin wà lósì! Nígbà tí a tún máa rìn, apá yẹn ni mo ní kí wọ́n fún wa. Mọ́mì ń dá lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ èmi ọmọ wọn síta, wọ́n sì ń kọrin nínú ibẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ kí wọ́n kọrin ní balùwẹ̀.

Ẹ má bi wọ́n lórí fóònù pé ṣé irin wà. Wọ́n á ní ó wà. Ohun tí ẹ máa bi wọ́n ni pé: bí èèyàn bá ti jókòó sórí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ṣé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni ògiri wà ni, àbí ọwọ́ òsì? Kí wọ́n wò ó fún nọ́ńbà yàrá yẹn gan-an, kí wọ́n má sọ ti yàrá tó jọ ọ́. Ẹ bi wọ́n bákan náà nípa àga tó ń ká mọ́ ògiri níbi ṣáwà: ọwọ́ wo ni ẹ̀rọ omi bọ́ sí, ṣé ẹni tó jókòó lè nà án dé? Ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara nínú ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà ni kí ẹ pè tààrà. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kì í sábà ní àwòrán balùwẹ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló máa pinnu bóyá yàrá ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyẹn èkejì, yóò bá yín mu. Bí ẹ̀gbẹ́ tí kẹ̀kẹ́ ti lè sún mọ́ ibùsùn bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ tí ara ti lágbára, kò sí ìṣòro. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má gbà á. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ tí a fi ń gbé aláìlágbára kúrò lórí ibùsùn gbọ́dọ̀ tún bèèrè bóyá àlàfo wà lábẹ́ ibùsùn tí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà lè wọ̀.

Àwọn yòókù kò gba àkókò. Bákónì dùn, àmọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lè ga, ẹ ní kí wọ́n gbé pákó ìgòkè síbẹ̀. Yàrá àárín ọkọ̀ kò ní fèrèsé, owó rẹ̀ ló sì sábà máa ń kéré jù. Òkun tí ẹ fẹ́ wò wà lórí dẹ́kì lọ́fẹ̀ẹ́, ibẹ̀ náà ni ìyá mi ń jókòó sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Owó yàrá oníkẹ̀kẹ́ kò gbọ́dọ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òfin ilé iṣẹ́ ìrìnnà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gba kí wọ́n bu owó lé e nítorí àìlera. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n máa yan yàrá fún yín. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í gba okùn ìfàgùn iná wọlé, nítorí náà ẹni tó ń fi iná sí bátìrì kẹ̀kẹ́ kó tètè sọ. Ìtòsí lífítì dára, àmọ́ bí agogo ewu bá dún, lífítì kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá wọ ọkọ̀ kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa wá gbé.

Èbúté tí ọkọ̀ ń yà ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Ní Cozumel àti Costa Maya ní Mexico, àti ní Roatán ní Honduras, ọkọ̀ ń dúró gbọnin létí afárá èbúté, kẹ̀kẹ́ yóò yí jáde. Ní Belize City, omi etíkun kò jìn tó fún ọkọ̀ ńlá. Òkèèrè ló ń dúró sí, ọkọ̀ kékeré ló sì ń kó èrò lọ sí ìlú. Bí ìgbì bá ń mi ọkọ̀ kékeré yẹn, wọ́n lè ní kí oníkẹ̀kẹ́ dúró sínú ọkọ̀ ńlá, kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tó wúwo kò sì ní àyè níbẹ̀ rárá ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Owó tí ẹ bá ti san fún ìgbafẹ́ ìlú náà, ẹ bèèrè tẹ́lẹ̀ bóyá wọ́n máa dá a padà.

Ohun tí a ń jẹ àǹfààní rẹ̀ lónìí, àwọn kan ló jà fún un, láti Houston yìí kan náà. Àwọn aláàbọ̀ ara tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ Norwegian Cruise Line láti ibí ní 1998 àti 1999 pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Àsíá Bahamas ló wà lórí ọkọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2005, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé òfin 1990 tó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara kan irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá wà nínú omi Amẹ́ríkà, bí wọ́n tilẹ̀ fi ààlà sí i níbi tó bá ti máa gba kí wọ́n tún ara ọkọ̀ kàn. Nítorí náà, ẹ má fi ohùn ẹni tó ń tọrọ bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Mo sì bẹ ẹ̀yin tí ara yín le: ẹ má gba yàrá kíkún nítorí pé ó tóbi. Yàrá yìí kò pọ̀ nínú ọkọ̀ kankan. Èyí tí ẹ bá gbà, ìyá ẹnìkan ti pàdánù balùwẹ̀.

Ẹni tó lè rìn dé tọ́ílẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, tó sì fẹ́ràn afẹ́fẹ́ òkun, kó gba yàrá arìndíẹ̀ tó ní bákónì, yóò gbádùn rẹ̀. Ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ kan dára fún ẹni tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá bá a mu. Ní tèmi, yàrá kíkún láàárín ọkọ̀, láìní fèrèsé, lápá tí irin ti bọ́ sọ́wọ́ tó lágbára, ni mo máa ń gbà, mo sì máa ń pè nígbà tí ìrìn-àjò bá ṣì ku bí ọdún kan, nítorí òun ló máa ń kọ́kọ́ tán. Kí n tó san owó àsansílẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà yàrá náà àti apá tí ògiri wà ránṣẹ́ sí mi lórí ímeèlì, mo sì máa ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé mú dání lọ sí Galveston.