Àpò dúdú tí wọ́n ń tà ní Ouando fún fóònù tí ọlọ́pàá gbẹ́sẹ̀ lé

Àpò Faraday ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rí ń pè é. Aṣọ onírin ni wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀, kí ìpè, íntánẹ́ẹ̀tì àti Bluetooth má bàa ráyè wọlé bá fóònù. Ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta èlò fóònù ní Ouando, níbí ní Àjàṣẹ́, ti ń tà á: kékeré 8.000 fàránkì, ńlá 12.000. Ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹ má wulẹ̀ ra kékeré.

Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà dárúkọ irú àpò yìí nínú ìdájọ́ Riley v. California, 25 oṣù Kẹfà 2014. Àwíjàre ìjọba ni pé bí ọlọ́pàá bá ń dúró de ìwé àṣẹ adájọ́ kó tó yẹ inú fóònù ẹni tó mú wò, ẹnìkan lè jókòó síbi tó jìn kó pa gbogbo ohun tó wà nínú fóònù rẹ́. Ilé ẹjọ́ ní kò burú: ẹ gba fóònù, ẹ pa á, tàbí ẹ yọ bátìrì rẹ̀, tàbí ẹ kì í sínú àpò tí kò wọ́n, tó sì fúyẹ́, kẹ́ ẹ wá lọ gba ìwé àṣẹ. Adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló fẹnu kò. Ọ̀ràn pàjáwìrì nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Ìdájọ́ yẹn ò de ẹnikẹ́ni ní Benin o. Abala 20 àti 21 Òfin-Ìpìlẹ̀ 1990, lórí ilé onílé àti àṣírí ọ̀rọ̀, la ní níbí.

Ẹnu àpò ni iṣẹ́ wà. Tẹ́ ẹ bá ká a lẹ́ẹ̀kan, ìpè ṣì ń wọlé. Tẹ́ ẹ bá ká a lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́ lórí MTN, Moov àti Celtiis, kódà nídìí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ojú ibi tí wọ́n ń ká yẹn ló kọ́kọ́ ń gbó, nítorí náà ẹ máa dán an wò lóòrèkóòrè.

Bátìrì ló ń dani láàmú jù. Fóònù tó wà nínú àpò á máa wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri, á máa gbóná, iná rẹ̀ á sì tán kíákíá. Tó bá kú, tí wọ́n tún tàn án, ó di dandan kí wọ́n tẹ nọ́ńbà àṣírí kó tó ṣí ohunkóhun. Ìwé àṣẹ ò lè tẹ̀ ẹ́. Páwà báńkì gbọ́dọ̀ bá a wọlé, kékeré ò sì gbà á. Ẹ má fa wáyà gba ẹnu àpò jáde: wáyà yẹn á di eriali.

Kò sí ibi tí wọ́n lè kọ nọ́ńbà ẹ̀rí sí lára rẹ̀, àléébù gidi nìyẹn. Inú àpò ìwé ńlá la ó tún kì í sí, ká kọ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí wọ́n ti rí fóònù, ká fọwọ́ sí i, ká lẹ̀ ẹ́ pa.

Ẹni tí fóònù bá já lé lọ́wọ́ ní Kétu láìsí àpò lè fi bébà aluminium wé e ní ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí dé Àjàṣẹ́, bí kò bá ya lọ́nà.

Ọlọ́jà máa ń jẹ́ kéèyàn dán an wò kó tó sanwó. Ẹ mú fóònù méjì dání.